Báwo ni mo ṣe lè sọ ohun tí ó wà lọ́kàn mi fún ọmọbìnrin ilé kejì?

Ọmọ ọdún 17 ni mí, àdúgbò Ìlódè ní Ilé-Ifẹ̀ ni a ń gbé. Ògiri kan ṣoṣo ni ó wà láàárín ilé wa àti ti ọmọbìnrin kan, ẹlẹgbẹ́ mi, tí ọ̀rọ̀ rẹ̀ kò jẹ́ kí n rí oorun sùn láti ìgbà ọdún Ọlọ́jọ́, nígbà tí a jọ dúró ní Ẹnuwá láti wo bí Ọọ̀ni ṣe ń lọ sí Òkè-Mògún. Mo ti bá a fa omi ní kànga, mo sì ti yá a ní ìwé ìṣirò mi nítorí ìdánwò WAEC. Ó dúpẹ́, ó rẹ́rìn-ín, kò sì ju bẹ́ẹ̀ lọ. Mo kọ lẹ́tà, mo sì fà á ya, nítorí pé ìyá rẹ̀ àti ìyá mi jọ ń dá àjọ, n kò sì fẹ́ da àárín wọn rú. Ọ̀rẹ́ mi ní kí n wá alárinà, ṣùgbọ́n ẹnu ara mi ni mo fẹ́ kí ó ti gbọ́ ọ. Ẹ jọ̀wọ́, ọ̀rọ̀ wo gan-an ni kí n kọ́kọ́ sọ, tí yóò fi yé e, tí yóò sì lè kọ̀ fún mi láìsí ìtìjú bí kò bá fẹ́?