Máàpù àtijọ́ ìlú Nicodemus ní Kansas: kí ló dé tí wọn ò fi bára mu?

Àkànbí: Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ọ̀gá wa. Máàpù USGS (iléeṣẹ́ ìjọba Amẹ́ríkà tó ń ya máàpù) ti agbègbè Nicodemus ni mo ń tò léra nínú QGIS, ètò kọ̀ǹpútà fún máàpù. Nicodemus ni ìlú kékeré tí àwọn aláwọ̀ dúdú láti Kentucky tẹ̀ dó sórí pápá Kansas ní 1877. Odò South Solomon tó wà lórí èyí tó jẹ́ 1:125,000 (mìlímítà kan lórí rẹ̀ jẹ́ mítà 125 lórí ilẹ̀) kò bá ti 1:24,000 mu. Nọ́ńbà UTM (tó ń fi mítà sọ ibi tí nǹkan wà) tí mo kà létí máàpù sì ń bọ́ síbi tó fi nǹkan bí igba mítà jìnnà síbi tó yẹ. Àwọn ilé míì wà lórí ọ̀kan, wọn ò sí lórí èkejì. Èwo ni kí n gbà gbọ́?

Wọ̀nlẹ̀wọ̀nlẹ̀: Ẹ jẹ́ ká ti ibi igba mítà bẹ̀rẹ̀, torí ìyẹn ló rọrùn jù. Datum ló fà á, ìyẹn ìpìlẹ̀ tí wọ́n fi ń ka ipò ibi gbogbo lórí máàpù. NAD27 ni ti àtijọ́, NAD83 ni tuntun tó rọ́pò rẹ̀. Meades Ranch, ní Osborne County ní Kansas níbẹ̀, ni wọ́n so NAD27 mọ́, nítorí náà látítíúdù agbègbè yẹn kò fẹ́rẹ̀ẹ́ yí rárá nígbà tí wọ́n gbé e lọ sí NAD83. Ṣùgbọ́n ìṣirò ìrísí ayé tí wọ́n ń pè ní Clarke 1866 ni NAD27 fi wọn ayé, èyí tí wọ́n ń pè ní GRS80 ni ti NAD83, UTM sì ń ka ọ̀nà láti ìlà agbedeméjì ayé wá. Ìyàtọ̀ yẹn ti di igba mítà kó tó dé Kansas. Ẹ fi EPSG:26714 (nọ́ńbà tí QGIS fi mọ UTM ti NAD27 níbẹ̀) sí nọ́ńbà tẹ́ ẹ kà létí máàpù, kí QGIS yí i sí 26914, ti NAD83. Ẹ má fi ọwọ́ sún un.

Ti odò, ìwọ̀n ló fà á. Lórí 1:125,000, ìlà tó nípọn tó ìdajì mìlímítà gba mítà 62 lórí ilẹ̀. Lórí 1:24,000, mítà 12 ni. Máàpù àtijọ́ náà kò lè sọ ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà tí ilé kan wà.

Ìyá Ìbejì: Mo fara mọ́ ti ọ̀gá. Tẹ́ ẹ bá fẹ́ tún máàpù tó dàgbà jù ṣe fúnra yín, oríta tí ọ̀nà etí sẹ́kíṣọ̀n (ìpín ilẹ̀ tó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ máìlì kan níbùú àti lóròó) ti pàdé ni kẹ́ ẹ fi ṣe àmì, ó kéré tán mẹ́fà, kí wọ́n tàn dé igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, kẹ́ ẹ sì mú Polynomial 1, ọ̀nà ìtúnṣe tó rọrùn nínú QGIS. Ẹ má ṣírò igun bíi pé gbogbo sẹ́kíṣọ̀n jẹ́ ẹsẹ̀ bàtà 5,280 gẹ́lẹ́ o! Àwọn tó wọn ilẹ̀ nígbà náà máa ń ti gbogbo àṣìṣe táúnṣíìpù (àkójọ sẹ́kíṣọ̀n 36) sí etí àríwá àti ìwọ̀-oòrùn rẹ̀. Sẹ́kíṣọ̀n 1 sí 6, àti 7, 18, 19, 30 àti 31, ló máa ń gùn tàbí kúrú ju ìyókù lọ.

Àkànbí: Ẹ ṣé gan-an, ẹ̀yin àgbà. Ti ilé ńkọ́?

Wọ̀nlẹ̀wọ̀nlẹ̀: Ẹ wo àwọ̀. Dúdú ni ohun tí wọ́n yà nígbà tí wọ́n kọ́kọ́ ṣe máàpù náà. Àlùkò ni ohun tí wọ́n fi kún un látinú fọ́tò òfuurufú, tí ẹnikẹ́ni kò sì lọ yẹ̀ wò lórí ilẹ̀. Nítorí náà ọdún méjì ló wà lára irú máàpù bẹ́ẹ̀, méjèèjì sì ni kẹ́ ẹ kọ sílẹ̀. Ọdún tí wọ́n tẹ̀ ẹ́ jáde kì í ṣe ọdún tí wọ́n wọn ilẹ̀. Etí ìsàlẹ̀ ni wọ́n ń kọ èyí sí, ẹ má gé e dànù kẹ́ ẹ tó kọ ọ́.

Ìyá Ìbejì: Ilé tí ẹ mọ ọdún rẹ̀ á tún ràn yín lọ́wọ́. Ọdún 1939 ni wọ́n kọ́ gbọ̀ngàn ìlú Nicodemus. Máàpù tí wọ́n wọn ṣáájú ìgbà yẹn kò lè ní in. Ojú irin pẹ̀lú: ní 1888 ó gba òdìkejì odò, lọ́dọ̀ Bogue, kò kan Nicodemus. Ibi tí ojú irin bá wà lórí máàpù yín ni kẹ́ ẹ fi yẹ àmì yín wò, torí ojú irin kì í ṣípò bí odò.