Ta ló mọ bí òfin olè lẹ́tà ṣe ń ṣiṣẹ́ ní Texas?

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ará ilé. Houston ni mò ń gbé. Lọ́jọ́ Ẹtì tó kọjá, ẹnìkan jí páálí oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru màmá mi lẹ́nu ọ̀nà wa. Kámẹ́rà ká a: ó fi ẹsẹ̀ ti páálí náà wò, ó gbé e sábíyá, ó sì rọra ń lọ bí ẹni tó ni ín. Ọjọ́ mẹ́ta ni màmá ò fi rí oògùn lò. Ọ̀rọ̀ náà dùn mí wọra.

Láti oṣù Kẹsàn-án 2019 ni òfin Texas ti sọ jíjí lẹ́tà di ẹ̀ṣẹ̀ ọ̀daràn, títí kan ẹrù tí ilé-iṣẹ́ aládàáni gbé wá. Síbẹ̀, ọlọ́pàá ní kí n lọ bá àwọn ìfìwéránṣẹ́. Àwọn yẹn ní àwọn kọ́ ló gbé e wá.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹni tírú ẹ̀ ti ṣẹlẹ̀ sí, kí lẹ sọ kí ọlọ́pàá tó kọ ẹjọ́ yín sílẹ̀? Ṣé kí n ka nọ́ńbà òfin náà, 31.20, sí wọn létí ni? Ẹni ọdún 71 ni màmá. Ṣé ìyẹn ò ní mú kí ìyà olè náà le sí i?