Ọ̀kadà mi ò dé òkun, èmi ni mo dé ibẹ̀

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti gun ọ̀kadà dé Àgbádárìgì àti Ẹ̀pẹ́, ẹ kú ìrìn o. Ọ̀nà tèmi kò gba Èkó rárá, torí n kò lágbára wàhálà òfin ọ̀kadà ibẹ̀. Etí òkun Ìlàjẹ, ní ìpínlẹ̀ Oǹdó, ni mo lọ, ọjọ́ mẹ́ta, àlọ àtàbọ̀.

Èmi àti àbúrò ìyàwó mi ni, kálukú lórí ọ̀kadà tiẹ̀. Aago mẹ́fà ò tíì lù tá a fi kúrò ní Challenge, n'Ìbàdàn, a gba Ìdí-Ayùnrẹ́ já sí Ìjẹ̀bú-Òde. Ìyẹn ò le. Ìgbà tá a bọ́ sójú ọ̀nà márosẹ̀ tó lọ sí Benin ni ojú mi là. Tí tírélà bá ré ọ kọjá, atẹ́gùn rẹ̀ á kọ́kọ́ tì ọ́ sínú igbó, á tún fà ọ́ padà sẹ́yìn ọkọ̀. Àwọn àgbà máa ń sọ pé "ó le kú, ìjà Ọ̀rẹ̀", ogun Biafra ní 1967 ni wọ́n ń sọ. Tèmi, tírélà ló bá mi jà dé Ọ̀rẹ̀.

Lẹ́yìn Ọ̀rẹ̀, tá a ti ń sún mọ́ Òkìtìpupa, ṣéènì mi já. Àbúrò ìyàwó mi kò mọ̀, ó ti lọ. Mo ti ọ̀kadà nínú oòrùn títí mo fi rí ọmọkùnrin kan tó ń ṣe mẹkáníìkì. Ó yọ ojú ṣéènì méjì dànù, ó fi òòlù kan ìyókù pọ̀. "Ẹ̀gbọ́n, ẹ má fi sáré o." Ta ló fẹ́ sáré?

Igbókòdá la sùn. Ilẹ̀ mọ́, mo ti ọ̀kadà lọ sétí omi, mo sọ fún bàbá ọlọ́kọ̀ ojú omi kan pé Ayétòrò ni mò ń lọ.

"Bàbá, ṣé ọkọ̀ yín lè gbé ọ̀kadà?"

"Ó lè gbé e. Níbo lo fẹ́ gùn ún sí?"

Àwọn tó dúró níbẹ̀ rẹ́rìn-ín. Ìgbà tá a wọ omi ni mo tó mọ ohun tí wọ́n ń rín: ìletò lẹ́yìn ìletò, orí òpó ni ilé wà, afárá pákó ni títì wọn, ọmọ tí kò ju ọdún méje lọ ń fi àjẹ̀ tu ọkọ̀ bí ẹni gun kẹ̀kẹ́. Mo ti fi ọ̀kadà sílẹ̀ lọ́dọ̀ ìyá olóúnjẹ kan. Èmi tí mo máa ń fọn fèrè mọ́ èèyàn ní Mọ́lété, mo di ẹrù, mo di igi ọkọ̀ mú.

Bàbá wò mí. "Ṣé o lè lúwẹ̀ẹ́?"

"Odò Ògùnpa la ní n'Ílé Ìbàdàn, Bàbá. Èèyàn kì í lúwẹ̀ẹ́ níbẹ̀." Mo rántí ohun tí àwọn òbí wa sọ nípa omíyalé 1980, mo pa ẹnu dé.

Ọdún 1947 ni wọ́n tẹ Ayétòrò dó, Ìlú Aláyọ̀ ni wọ́n ń pè é. Mo ti ń fọkàn yàwòrán iyanrìn funfun. Ẹrẹ̀ ni mo bá, àti ògiri tó dá dúró láìsí òrùlé. Ọkùnrin kan nawọ́ sójú omi, ó ní ilé bàbá òun nìyẹn. Mo wò ó, mi ò rí nǹkan kan. Ó ní, "Rárá, wo iwájú sí i." Ìgbì nìkan ni mo rí. Ohùn rẹ̀ kò yí padà, àfi bí ẹni ń júwe ọ̀nà Dùgbẹ̀ fún àlejò. Ó wá bi mí bóyá mo ti jẹun.

Púpurú àti ọbẹ̀ ẹja tútù ló ní kí wọ́n gbé fún mi. Ẹ̀yin ará Ìbàdàn, ẹ dárí jì mí, n kò rántí àmàlà títí mo fi fọ ọwọ́.

Òjò ti rọ̀ kí n tó padà sí Igbókòdá. Ìyá olóúnjẹ ti tú ìró kan lára ẹrù rẹ̀, ó fi bo ọ̀kadà mi, ìró náà rin gbindin. Mo fẹ́ fún un lówó, ó kọ̀, ó ní kí n ra ẹja yíyan lọ́wọ́ òun dípò. Mo ra púpọ̀ ju bó ṣe yẹ lọ. Àbúrò ìyàwó mi ló so ó mọ́ ẹ̀yìn tiẹ̀, torí ó ní ṣéènì tèmi kò lè gbé e.

Ṣéènì náà dé Challenge.