Powerman: ta ló ya kọ́míìkì tí mo bá nínú àpótí bàámi yìí?

Ọmọ Ìta Ẹlẹ́wà:
Ẹ káalẹ́ o ẹ̀yin ará Ìkòròdú. À ń palẹ̀ yàrá bàámi mọ́ ní Sátidé, mo fa àpótí páànù kan jáde lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì, eku ti débẹ̀ ṣáájú mi sha, mo bá kọ́míìkì mẹ́ta nísàlẹ̀ tí wọ́n ń pè ní Powerman. Èyí àkọ́kọ́ ò ní èpo ẹ̀yìn mọ́. Aláwọ̀dúdú ni ọkùnrin inú ẹ̀, ó ń fò lókè, kò sẹ́ni tó lágbára tó o, àmọ́ tí ejò bá ti bù ú jẹ, ó ti parí fún un nìyẹn. Àwòrán yẹn dáa gan-an, mi ò purọ́. Ó wá kù kan, wọ́n kọ nọ́ńbà sí ara àwòrán kọ̀ọ̀kan, 1, 2, 3, bẹ́ẹ̀ lọ, àmọ́ nínú ọ̀kan nínú wọn ẹnì kan ti fi bírò búlúù pa gbogbo nọ́ńbà yẹn rẹ́. Ọmọ Nàìjíríà ló yà á ni? Kí sì ni nọ́ńbà yẹn wà fún?

Ẹ̀gbọ́n Ìjẹ̀dé:
Àbúrò, má jẹ́ kí wọ́n fi wé àkàrà o!! Nàìjíríà níbí ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ sí í tà á ní 1975, àmọ́ òyìnbó Ìlú Ọba méjì ló yà á, Dave Gibbons àti Brian Bolland, wọ́n ń gbà á ṣe láàárín ara wọn ni. Gibbons ò ju ọmọ ọdún 26 lọ nígbà yẹn, Bolland 24, ẹnikẹ́ni ò tíì mọ̀ wọ́n. Nígbà tí 2000 AD, kọ́míìkì Ìlú Ọba kan, bẹ̀rẹ̀ ní 1977, Gibbons wà nínú ẹ̀dà àkọ́kọ́, ó ń ya ìtàn Harlem Heroes, Bolland náà wá ń ya ìtàn Judge Dredd níbẹ̀, àtibẹ̀ ni Amẹ́ríkà ti wá pè wọ́n. Gibbons ló ya kọ́míìkì Watchmen tí Alan Moore kọ, ẹ̀dà 12, 1986 sí 1987. Bolland ya The Killing Joke ní 1988, ti Batman àti Joker yẹn, Alan Moore náà ló kọ ọ́. Ṣó o rí i, ara àwọn ọmọ Nàìjíríà ni wọ́n ti kọ́ṣẹ́.

Ìyá Ìbejì Agric:
Ejò lásán ló ń pa irú akọni bẹ́ẹ̀?? Kò tiẹ̀ ní òògùn ejò kankan lára, ẹni tó kọ ìtàn yẹn ò bi èèyàn kankan níbí léèrè nìyẹn 😂 Nọ́ńbà yẹn ńkọ́ o, ẹ̀gbọ́n?

Ẹ̀gbọ́n Ìjẹ̀dé:
Mo ti gbàgbé ìyẹn. Àwọn tó ń tẹ̀ ẹ́ jáde ní àwa níbí ò mọ kọ́míìkì kà, pé a lè má mọ àwòrán tó ṣáájú àtèyí tó tẹ̀ lé e, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ní kí Gibbons àti Bolland yà á kó rọrùn, kí wọ́n sì fi nọ́ńbà sí i. Ní 1988 tí wọ́n tún un tẹ̀ nílùú wọn, orúkọ ni wọ́n pààrọ̀, wọ́n sọ ọ́ di Powerbolt, torí Marvel, ilé iṣẹ́ kọ́míìkì Amẹ́ríkà, ti ní Power Man tiwọn.

Ìyá Ìbejì Agric:
Ìwọ̀sí gbáà!

Báálù Ẹ̀bute:
Ẹ rọra o ìyá wa. Èmi kà á nígbà tí mo wà ní pírámárì, ẹ̀gbọ́n mi ló máa ń yá a bọ̀ láti Sábo, nọ́ńbà yẹn ràn mí lọ́wọ́ torí òyìnbó ẹ̀ ò tíì yé mi, nọ́ńbà ni mò ń tẹ̀ lé. Kó tó di pé a wá ń du Ikebe Super ti Wale Adenuga tó jáde ní 1976, ìyẹn ò ní nọ́ńbà kankan, kò sì sẹ́ni tó ṣì í kà.

Ọmọ Ìta Ẹlẹ́wà:
Ẹ ṣé gan-an ni o. Mo ti ka gbogbo ẹ̀ sétí bàámi báyìí. Ni wọ́n bá bú sẹ́rìn-ín, wọ́n ní àwọn làwọn fi bírò pa á, pé ta ló sọ fún wọn pé àwọn ò mọ̀wé kà. Wọ́n ti gba kọ́míìkì náà lọ́wọ́ mi o, wọ́n ní kí n lọ bá àwọn mú gíláàsì wá.