Ìbéèrè ìmọ̀ràn: Kóòdù mi kò rí ọ̀nà Mẹ́kà láti Ìbàdàn

Olùbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ará. Mò ń fi Python kọ ètò kékeré kan tí yóò máa tọ́ka kíbúlà (ìhà Káábà ní Mẹ́kà, tí a ń kọjú sí kírun) fún àwọn ará àdúgbò wa ní Ìbàdàn. Ìlà ìbú wa jẹ́ 7.38, ìlà òòró 3.90, ti Káábà jẹ́ 21.4225 àti 39.8262. Kóòdù náà nìyí, b1 ni ìlà ìbú tiwa, b2 ni ti Káábà, dL sì ni ìyàtọ̀ ìlà òòró méjèèjì:

y = sin(dL) * cos(b2)
x = cos(b1) * sin(b2) - sin(b1) * cos(b2) * cos(dL)
degrees(atan2(y, x))

Ohun tí ó ń fún mi ni dígírì 83.4 láti àríwá. Ó súnmọ́ ìlà-oòrùn gan-an, ìdí nìyẹn tí n kò fi tètè fura, àfi ìgbà tí mo gbé fóònù kalẹ̀ nínú mọ́ṣáláṣí, tí ọfà rẹ̀ yà sí ọ̀tún ibi tí lémọ́ọ̀mù ń dúró sí. Ẹ jọ̀ọ́, níbo ni mo ti ṣìnà?

Ọmọ Òkè-Àdó: Ẹ kàn yọ ìlà ìbú kúrò nínú ìlà ìbú, kí ẹ yọ òòró kúrò nínú òòró, kí ẹ sì kó méjèèjì fún atan2. Èmi rí 68.7.

Bàbá Onímaapu: Ìyẹn kò burú láti Mọ́kọ́lá dé Dùgbẹ̀, ṣùgbọ́n ayé rí róbótó, àwọn ìlà òòró sì ń súnmọ́ ara wọn bí a bá ṣe ń lọ sí àríwá, nítorí náà yóò ṣìnà tí ó bá di ọ̀nà jíjìn. Ìlànà olùbéèrè ló tọ̀nà. Ohun tí ó gbàgbé ni pé rédíánì (òṣùwọ̀n igun mìíràn) ni sin àti cos ń gbọ́, wọn kò gbọ́ dígírì. Ẹ fi radians() yí nọ́ńbà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin padà kí ẹ tó ṣe ìyọkúrò kankan, 64.1 ni yóò jáde.

Ìyá Ìbejì: Ẹni tí ó bá fẹ́ ṣe é nínú Excel, kí ó ṣọ́ra, nítorí pé x ni ATAN2 tiwọn ń kọ́kọ́ gbà, bí a bá kọ́kọ́ kó y fún un, 25.9 ni a ó rí. Bí ẹ bá sì ń ṣírò ìpadàbọ̀ láti Mẹ́kà, ‑106.6 ló máa jáde. Ẹ fi 360 kún un, ó di 253.4. Ẹ má ṣe kàn fi 180 kún 64.1 o, kì í ṣe ibì kan náà.

Olùbéèrè: Ẹ ṣeun púpọ̀, 64.1 ti jáde. Síbẹ̀ ọfà fóònù ṣì ń gbọ̀n.

Bàbá Onímaapu: Àríwá irin òòfà (èyí tí kọ́ńpáàsì ń tọ́ka) àti àríwá tòótọ́ kò fi bẹ́ẹ̀ jìnnà síra ní Ìbàdàn. Kí ló wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ fóònù náà?

Olùbéèrè: Ẹ̀rọ gbohùngbohùn ńlá ni mo gbé e lé. Mo ti gbé e sórí ẹní báyìí, ó sì ti dúró.