Ọ̀la ni mo ń lọ rí dókítà eyín ní Hong Kong, Cantonese wo ni kí n mọ̀?

AdéKowloon: Ẹ kú ilé o ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n. Eyín mi kan lẹ́yìn lọ́hùn-ún ti ń dùn mí láti ìjẹta, mi ò lè fi jẹun. Dókítà gbọ́ Òyìnbó, àmọ́ ìyá tó ń ràn án lọ́wọ́ kò gbọ́ nǹkan míì ju Cantonese, òun ló sì máa ń bá èèyàn sọ̀rọ̀ jù. Ẹ jọ̀ọ́, kí ni kí n há sórí?

ÌyáÌbejì: Pẹ̀lẹ́ àbúrò. Nọ́ńbà tó wà lẹ́yìn ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan ló ń sọ ohùn ẹ̀. Ngaa4 ni eyín, ohùn ẹ̀ wálẹ̀ gan-an, àwọn ọ̀dọ́ ibẹ̀ máa ń gé ng yẹn kúrò, aa4 lo máa gbọ́. Sọ pé "ngo5 zek3 ngaa4 hou2 tung3", eyín mi ń dùn mí gan-an. Ohùn àárín ni tung3 o, má gbé e sókè. Tí wọ́n bá ní "maak3 daai6 go3 hau2", la ẹnu ẹ dáadáa, "long2 hau2" ni kó o fi omi ṣan ẹnu.

Baba Táyọ̀: Wọ́n á tún bi ẹ́ pé "syun1 m4 syun1", ṣé ó ń kan ẹ́ àbí kò kan ẹ́. Syun1 ni wọ́n ń pe ọsàn tó kan, òun náà ni wọ́n ń pe eyín tó bá kan èèyàn, bí àwa náà ṣe ń sọ ọ́ gẹ́lẹ́, ọjọ́ kan péré ni mo fi há a sórí. Tó bá jẹ́ pé omi tútù ló ń jẹ́ kó kan ẹ́, má pè é ní tung3, dókítà fẹ́ mọ ìyàtọ̀ yẹn. Sai2 ni fífọ̀, àmọ́ sai2 ngaa4 kì í ṣe ti àárọ̀ o, caat3 ngaa4 nìyẹn, sai2 ngaa4 ni kí wọ́n ha ìdọ̀tí tó ti le mọ́ eyín kúrò. Bou2 ngaa4, wọ́n fẹ́ dí ihò ẹ̀. Mok1 ngaa4, wọ́n fẹ́ yọ ọ́ nìyẹn, yáa dá wọn dúró kó o bi dókítà ní Òyìnbó kó o tó gbà! Mo ti mi orí sí ohun tí mi ò gbọ́ rí, eyín tí wọ́n yọ lọ́jọ́ náà ṣì ń dùn mí lọ́kàn.

AdéKowloon: Háà, ẹ ṣé gan-an sà. Tí wọ́n bá gún mi lábẹ́rẹ́ tó ṣì ń dùn ńkọ́?

ÌyáÌbejì: Maa4 zeoi3 zam1 ni abẹ́rẹ́ yẹn. Tí ẹnu ẹ bá ti kú tipiri, sọ pé "bei3". Tí kò bá tíì kú, gbé ọwọ́ sókè, kó o ní "zung6 tung3", ó ṣì ń dùn, wọ́n á dúró.