Ǹjẹ́ a lè gbé eré “Ọba Kò So” wá sí etí olùgbọ́ kan ṣoṣo?

Elégbè Ìbàdàn béèrè pé:

Ẹ̀yin àgbà àti ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ mi, mo kí gbogbo yín. Ẹgbẹ́ akọrin kékeré kan ni àwa. A kò ní gbọ̀ngàn, a kò sì lówó tí a óò fi rán aṣọ ọba àti ti ìjòyè, ṣùgbọ́n a ní ohùn, a ní onílù, a sì ní máíkì tó ṣeé fi ṣiṣẹ́. Èrò wa ni pé kí a mú “Ọba Kò So”, eré olórin tí Dúró Ládiípọ̀ kọ́kọ́ gbé jáde ní Òṣogbo ní ọdún 1963, kí a tún un ṣe fún ẹni tí yóò fi íápíìsì gbọ́ ọ ní òun nìkan, yálà lórí ibùsùn lóru tàbí nínú mọ́tò lójú ọ̀nà. A kò fẹ́ gbé máíkì síwájú ìtàgé kí ó kàn máa gba ohun tó bá dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Ohun tí a ń wá ni pé kí olùgbọ́ rò pé ààfin Ọ̀yọ́ gan-an ni òun jókòó sí.

Ẹ̀yin tí ẹ mọ eré náà mọ bí ó ṣe lọ. Ogun tí Tìmì àti Gbọ́nńkà, àwọn jagunjagun Ṣàngó ọba Ọ̀yọ́, ń jà sú àwọn ará Ọ̀yọ́. Ṣàngó rán Tìmì lọ ṣọ́ ẹnubodè ní Ẹdẹ, ṣùgbọ́n nígbà tí agbára Tìmì ń pọ̀ sí i níbẹ̀, ọba rán Gbọ́nńkà lọ mú un wá. Gbọ́nńkà fi ọfọ̀ borí rẹ̀, ó mú un dé Ọ̀yọ́, ó pa á, ó sì wá kọjú sí ọba fúnra rẹ̀. Ìjà wà níbẹ̀, ijó wà níbẹ̀, àwọn ará ìlú sì ń wọlé wọ́n ń jáde. Ẹnìkan nínú wa ní kí a fi asọ̀tàn sí i, kí ó máa ṣàlàyé ohun tí ojú ìbá rí. Ọkàn mi kò gbà á, ṣùgbọ́n n kò tíì rí ohun tí n óò fi rọ́pò rẹ̀. Kí ni ẹ rí sí i?

Ìyá Ọ̀ṣun dáhùn pé:

Elégbè, ẹ kú làákàyè. N óò sọ tèmi láìfi bò. Eré tí ẹ mú yìí kì í ṣe eré etí. Dúró Ládiípọ̀ fúnra rẹ̀ ni ó ń ṣe Ṣàngó, bí àwọn tó wò ó bá sì ń ròyìn rẹ̀, iná tí ń yọ lẹ́nu rẹ̀ lórí ìtàgé ni wọ́n máa ń kọ́kọ́ dárúkọ, kí wọ́n tó kan orin. Nígbà tí wọ́n gbé e lọ sí Berlin ní 1964, ọ̀pọ̀ nínú àwọn òǹwòran kò gbọ́ ọ̀rọ̀ Yorùbá kan, síbẹ̀ wọ́n jókòó tì í. Ojú ni wọ́n fi gbọ́ ọ.

Ẹ̀rù tó ń bà mí ni pé bí Ṣàngó bá ti wọ inú íápíìsì, yóò di ẹni tí ń sọ̀rọ̀ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́. Ọba tí ará ilé àti ará oko ń gbọ̀n fún, ṣé ẹ fẹ́ kí ó wá máa rọra sọ̀rọ̀ bí ẹni tí ń tọrọ owó lọ́wọ́ àna rẹ̀? Bàtá ńkọ́? Ẹsẹ̀ ni a fi ń dá bàtá lóhùn. Bí ó bá di dandan, ẹ mú ibi tí Tìmì àti Gbọ́nńkà ti pàdé ní Ẹdẹ nìkan, nítorí ọ̀rọ̀ ẹnu ni wọ́n fi jà níbẹ̀. Ẹ fi ìyókù sílẹ̀ fún ìtàgé.

Àgbà Rédíò dáhùn pé:

Mo bọ̀wọ̀ fún ọ̀rọ̀ Ìyá Ọ̀ṣun, mo sì gbà pé a kò lè gbé iná sínú etí. Ṣùgbọ́n gbígbé eré olórin wá sí etí ẹnì kan kì í ṣe ohun tuntun rárá. Níbi ìpàtẹ ẹ̀rọ iná mànàmáná tó wáyé ní Paris ní 1881, Clément Ader to máíkì sí iwájú ìtàgé ilé eré Opéra, ó sì fi wáyà tẹlifóònù gbé orin ibẹ̀ lọ sí gbọ̀ngàn ìpàtẹ náà. Ẹni tó bá fẹ́ gbọ́ yóò gbé íápíìsì tẹlifóònù kan sí etí ọ̀tún, yóò gbé ìkejì sí etí òsì. Nítorí pé máíkì tó ń bọ́ etí kan yàtọ̀ sí èyí tó ń bọ́ èkejì, olùgbọ́ ń mọ̀ bí akọrin bá rìn láti apá kan ìtàgé sí apá kejì. Lẹ́yìn náà ó di ohun tí àwọn ènìyàn ń san owó fún láti máa gbọ́ nínú ilé wọn. Òǹkọ̀wé Faransé nì, Marcel Proust, wà lára wọn ní 1911. Ní ayé tiwa, ní 2013, wọ́n ṣe eré olórin kan tí wọ́n pè ní “Invisible Cities” ní ibùdókọ̀ ojú irin Union Station ní Los Angeles. Àwọn akọrin ń rìn láàárín àwọn arìnrìn-àjò, àwọn tó wá gbọ́ eré fi íápíìsì sí etí, wọ́n sì ń rìn kiri bó ṣe wù wọ́n. Arìnrìn-àjò tí kò ní íápíìsì kàn ń rí ẹnìkan tó ń dá orin kọ ni.

Ohun tí mo rí kọ́ nínú gbogbo èyí ni pé kì í ṣe rírẹ ohùn sílẹ̀ ni ó ń mú eré sún mọ́ ènìyàn. Ibi tí ẹ bá fi olùgbọ́ dúró sí ni. Ẹ kọ́kọ́ pinnu ẹni tí ó wà nítòsí rẹ̀ nínú ìran kọ̀ọ̀kan, kí ẹ tó tan máíkì. Ní Ẹdẹ, ẹ fi í sí ẹ̀gbẹ́ Tìmì. Kí ohùn Gbọ́nńkà ti ọ̀nà jíjìn wá, kí ó máa pe ọfọ̀ bọ̀, kí ó yí ká láti ọ̀tún sí òsì, títí yóò fi dà bí ẹni pé inú orí olùgbọ́ gan-an ni ọ̀rọ̀ náà ti ń jáde. Ní gbogbo àkókò yẹn, kí a máa gbọ́ èémí Tìmì bí ó ti ń wúwo, bí oorun ti ń gbé e lọ. Ìtàgé kò lè ṣe èyí; ẹni tó jókòó sẹ́yìn gbọ̀ngàn kò lè gbọ́ èémí ẹnikẹ́ni. Ní ti Ṣàngó, Ìyá Ọ̀ṣun, ẹ jẹ́ kí ó pariwo bó ṣe fẹ́, kí ó wà ní òdìkejì àgbàlá. Ọya ni kí ó wà létí wa.

Ìparí eré, níbi tí àwọn ará Ọ̀yọ́ ti ń jiyàn bóyá Ṣàngó pokùn so, ni mo fẹ́ kí ẹ fi ọkàn sí jù. Lórí ìtàgé, òǹwòran ní ojú, ó sì ti rí nǹkan kí ẹnikẹ́ni tó sọ̀rọ̀. Nínú íápíìsì, kò sí ẹni tó rí ohunkóhun. Olùgbọ́ yóò gbọ́ ẹsẹ̀ ènìyàn nínú ewé gbígbẹ, yóò gbọ́ ẹ̀ka igi tó ró, lẹ́yìn náà ohùn kan ní etí òsì yóò ní ọba so, òmíràn ní ọ̀tún yóò ní ọba kò so, títí ọ̀tún yóò fi borí òsì. Ohun tí àwọn ará Ọ̀yọ́ fi gba ọ̀rọ̀ náà gbọ́ gan-an ni òun náà ní lọ́wọ́, kò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ìdí nìyẹn tí n kò fi fẹ́ asọ̀tàn: yóò ti sọ ohun tó ṣẹlẹ̀ kí awuyewuye tó bẹ̀rẹ̀. Ẹ kò tilẹ̀ nílò rẹ̀, nítorí nínú eré ààfin, oríkì ni a fi ń mọ ẹni tó wọlé. Bí ẹ bá ń wá ọ̀rọ̀ eré náà, ìwé rẹ̀ tí Institute of African Studies ní Yunifásítì Ìbàdàn tẹ̀ jáde ní 1972, ní Yorùbá àti Gẹ̀ẹ́sì, inú téèpù ni wọ́n ti dà á kọ. Etí ni ó ti kọ́kọ́ gbà kọjá.

Àyàn Ìlọrin dáhùn pé:

Ẹ kú àròjinlẹ̀ o. Ọ̀rọ̀ ìlù ni tèmi. Ẹ má ṣe gbé ìyáàlù dùndún sún mọ́ máíkì. Saworo wà létí rẹ̀, kọ̀ǹgọ́ sì ń lu awọ. Bí máíkì bá sún mọ́ wọn jù, ṣaworoṣaworo àti pá-pá-pá ni yóò kún etí, ohùn tí ń gòkè tí ń sọ̀kalẹ̀, tí í ṣe ọ̀rọ̀ gan-an, kò ní hàn. Ẹ jẹ́ kí onílù wà ní ìpẹ̀kun yàrá, kí ẹ fi aṣọ tó nípọn bo ògiri kí ohùn má baà máa ta padà.

Ní ti bàtá, ohùn rẹ̀ kò tẹ́jú bíi ti dùndún, ẹni tí kò mọ ẹnà bàtá kì í tètè gbọ́ ohun tó ń sọ. Nítorí náà, ẹ fi dùndún sọ ọ̀rọ̀, kí ẹ fi bàtá pamọ́ fún ọba nìkan. Bí Ṣàngó bá wà nítòsí, kí bàtá máa dún. Bí ó bá jáde, kí ó dákẹ́. Tí ó bá fi máa di ìran kejì, olùgbọ́ yóò ti mọ̀ ọ́n láìsí ẹni tó kọ́ ọ, ẹ̀rù yóò sì bà á nígbà tí bàtá bá dákẹ́ ní ìparí.

Bí ẹ kò bá lówó irinṣẹ́ ńlá, ẹ wá máíkì kékeré méjì, ẹ so wọ́n mọ́ ẹ̀bá etí ẹnìkan tó lè jókòó láìmi orí, kí àwọn òṣèré máa rìn yí i ká. Ẹ pa jẹnẹrétọ̀ o. Ẹ má sì ṣe pín eré náà bí fóònù ṣe ń gba ohùn lórí WhatsApp, nítorí yóò da ọ̀tún àti òsì pọ̀ di ọ̀kan, gbogbo iṣẹ́ yín yóò sì ṣòfò. Bí fáìlì tó dá dúró ni kí ẹ fi ránṣẹ́.

Ìyá Ọ̀ṣun dáhùn pé:

Ọ̀rọ̀ bàtá yẹn wọ̀ mí lára. Síbẹ̀ n kò tíì gbà lórí iná. Ẹni tó bá gbọ́ eré yìí láìrí i rí yóò mọ Ọya ju Ṣàngó lọ.

Elégbè Ìbàdàn dáhùn pé:

Ẹ ṣeun púpọ̀. Bóyá Ọya ni a óò tilẹ̀ jẹ́ kí eré náà tẹ̀lé láti ìbẹ̀rẹ̀, a ó sì bẹ̀rẹ̀ láti Ẹdẹ bí Ìyá Ọ̀ṣun ṣe sọ. Ìbéèrè kan ló kù: ṣé a nílò àṣẹ, níwọ̀n bí Bàbá Ládiípọ̀ ti kú láti 1978?

Amòfin Àdúgbò dáhùn pé:

Ẹ nílò rẹ̀. Òfin ẹ̀tọ́ òǹkọ̀wé ti 2022 ní Nàìjíríà dáàbò bo iṣẹ́ òǹkọ̀wé àti ti olórin fún 70 ọdún lẹ́yìn ikú ẹni tó ni ín, èyí tó túmọ̀ sí pé títí di òpin 2048 ni ti “Ọba Kò So”. Oríkì Ṣàngó tí àwọn àgbà ti ń ki kí a tó bí i kì í ṣe tirẹ̀ nìkan, ṣùgbọ́n bí ó ṣe to ọ̀rọ̀ àti orin eré náà jẹ́ tirẹ̀. Bí ẹ bá sì fẹ́ gé ohùn láti inú àwo àtijọ́ sínú tiyín, ẹ̀tọ́ ẹni tó gba ohùn yẹn sílẹ̀ tún dá dúró lọ́tọ̀. Ẹ kọ lẹ́tà sí ẹbí rẹ̀ kí ẹ tó gba ohunkóhun sílẹ̀, kí ẹ sọ ibi tí ẹ fẹ́ yí padà nínú eré náà, ọ̀nà tí ẹ óò gbà pín in, àti bóyá ẹ óò tà á.